Kí ni ọkọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wá nínú Òkun Weddell, kí ló sì kan ará Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀?

Ìyá tó ń ta áìsì ní àdúgbò wa, ní ẹ̀bá Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló bi mí ní ìbéèrè tó bí ọ̀rọ̀ yìí. Bílọ́ọ̀kì méjì ni mo fẹ́ rà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá ike kí áìsì lè já bọ́, rédíò wọn ń ké lábẹ́ agboòrùn, ni wọ́n bá gbójú sókè: "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní yìnyín kan wà lójú òkun tó tóbi ju Ìpínlẹ̀ Èkó lódindi lọ. Wọ́n tún ní àwọn òyìnbó máa ń gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n á lo oṣù méjì, oṣù mẹ́ta. Kí ni wọ́n ń wá? Ṣé yìnyín ò sí nílé wọn ni?"

Mo dáhùn díẹ̀, oníbàárà mìíràn dé, ọ̀rọ̀ náà sì gé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn mi. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ gírámà, mo sì mọ̀ pé ìbéèrè Ìyá aláìsì yìí ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn nípa ojú ọjọ́ tó ń yí padà máa béèrè. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Yìnyín tí rédíò ń sọ, A23a ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1986 ló já kúrò lára Áńtátíkà, ilẹ̀ olótùútù tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé pátápátá. Nígbà tó já, kò rìn jìnnà. Ìdí rẹ̀ gún ilẹ̀ lábẹ́ omi, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó gbéra. Ìgbà tó gbéra yẹn, ó fẹ̀ tó kìlómítà 4,000 níbùú-lóòró. Ìpínlẹ̀ Èkó kò tó 3,600. Nítorí náà òótọ́ ni Ìyá gbọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ó dé ẹ̀bá erékùṣù South Georgia, ìdí rẹ̀ tún gúnlẹ̀ níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́.

Ibi tó jókòó sí fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni Òkun Weddell. James Weddell, atukọ̀ ará Ìlú Ọba kan tó ń ṣọdẹ ẹran omi, ló wọ inú rẹ̀ lọ jìnnà ní ọdún 1823, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ òkun náà. Ó fẹ̀ tó Nàìjíríà mẹ́ta. Bí ẹ bá dúró ní Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà, tí ẹ kọjú sí gúúsù lápá ìwọ̀-oòrùn, tí ẹ sì ń tukọ̀ lọ láìyà, apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ máa já sí.

Àsìkò tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ nílé wa níbí, tí ètè ń là, tí eruku bo ewé kajú àti ti máńgòrò, àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn níbẹ̀. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, oòrùn ò kí ń wọ̀ ní apá ìsàlẹ̀ òkun náà. Yìnyín tó bo ojú omi á fà sẹ́yìn, ọkọ̀ á sì rí ọ̀nà gbà. Bí ẹ bá dúró di oṣù Kẹsàn-án, ojú òkun tó yí Áńtátíkà ká á ti dì tó mílíọ̀nù méjìdínlógún kìlómítà níbùú-lóòró lọ́dún tí nǹkan bá lọ bó ti máa ń lọ. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé nǹkan ò lọ bó ti máa ń lọ mọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, yìnyín ojú omi yẹn kéré ju gbogbo èyí tí ẹ̀rọ ojú ọ̀run ti ń wọ̀n láti ọdún 1979: kò tó mílíọ̀nù méjì. Nígbà tí òtútù dé lọ́dún yẹn kan náà tó yẹ kó kún padà, kò kún tó ti àtẹ̀yìnwá. Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí ìrìn àjò àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí di ọ̀ràn kánjúkánjú.

Nǹkan kan wà nínú ọ̀rọ̀ Ìyá tí mo fẹ́ tún ṣe kí n tó tẹ̀ síwájú. Wọ́n ní "àwọn òyìnbó". Kì í ṣe òyìnbó nìkan. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tó mọ òkun yẹn jù lọ láyé, ti Áfíríkà ni: S.A. Agulhas II, ọkọ̀ ìjọba Gúúsù Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2012. Ọdọọdún ló ń kó oúnjẹ, epo àti onímọ̀ lọ sí ilé ìwádìí wọn tó wà lórí àpáta ní Áńtátíkà, SANAE IV. Nígbà tí orílẹ̀-èdè méjìlá kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé òun tún gba ilẹ̀ tuntun ní Áńtátíkà, pé kò ní sí ogun níbẹ̀, pé ìwádìí ni wọn yóò fi í ṣe, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1959, Gúúsù Áfíríkà nìkan ló wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú láti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu.

Èkejì ni Polarstern ti ilẹ̀ Jámánì. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ìràwọ̀ tí àwọn atukọ̀ fi ń mọ ọ̀nà àríwá. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Alfred Wegener ní ìlú Bremerhaven ló ń lò ó láti ọdún 1982, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mìíràn sì máa ń kún inú rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 118, ó ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ògiri ara rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ńṣe ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi imú la yìnyín bí àáké ṣe ń la igi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Imú rẹ̀ tẹ̀ sókè, ó máa ń gun orí yìnyín ni, ìwúwo rẹ̀ á wá tẹ̀ ẹ́ fọ́ lábẹ́. Bó bá ti fọ́, á sún sẹ́yìn, á tún gun òmíràn.

Bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ, kí ni iṣẹ́? Púpọ̀ nínú rẹ̀, omi fífà ni. Irin ńlá kan wà tó rí bí agbọ̀n, wọ́n to ìgò gbọọrọ-gbọọrọ yí i ká, wọ́n ń pè é ní CTD. Wọ́n á fi okùn irin sọ̀ ọ́ sísàlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ju dòrò sí kànga, àmọ́ kànga yìí lè jìn tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mítà. Bó ṣe ń lọ ló ń wọn bí omi ṣe tutù tó àti bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ń fà á bọ̀, wọ́n á máa ti ìgò náà dé níkọ̀ọ̀kan, ìgò yìí ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin mítà, tọ̀hún ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, títí tó fi dé òkè. Wákàtí ni èyí ń gbà. Wọ́n ń ṣe é tọ̀sán tòru, wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ọwọ́ sì ń kú. Ìbéèrè tó kàn ni pé kí ló wà nínú omi yẹn tó tó bẹ́ẹ̀.

Iyọ̀ ni. Mo ṣe é nílé kí n lè fojú ara mi rí i. Mo po iyọ̀ mọ́ omi nínú abọ́ kan, mo gbé e sínú fírísà, iná sì ṣe mí lóore lọ́jọ́ yẹn, kò lọ. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ojú rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dì, àárín rẹ̀ ò dì. Mo bu yìnyín òkè, mo fi omi tútù ṣan ara rẹ̀ wéré, mo tọ́ ọ wò: iyọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Mo wá tọ́ omi tó kù láàárín wò. Ẹnu mi kò gbà á. Bí omi bá ń dì, ńṣe ló ń lé iyọ̀ jáde kúrò lára rẹ̀. Iyọ̀ tó lé jáde, inú omi tí kò tíì dì ló ń kó sí, omi yẹn á wá níyọ̀ gan-an, á tún wúwo.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Òkun Weddell nìyẹn, àmọ́ ti ibẹ̀ kì í ṣe abọ́ kan. Afẹ́fẹ́ líle máa ń jáde láti orí Áńtátíkà, á gbá yìnyín kúrò létí ilẹ̀ bí ìgbálẹ̀ ṣe ń gbá ewé, omi tó bá wà lábẹ́ á yọjú, òtútù á tún bá a, á tún dì, á tún lé iyọ̀ jáde. Léraléra. Omi oníyọ̀ tó tutù tó sì wúwo yìí á rì, á máa ṣàn gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ òkun lọ, títí á fi dé ibi tó jìn jù. Omi ìdí òkun la lè pè é. Kì í dúró sójú kan. Ó ń rìn lọ sí àríwá, ó ń rọra tẹ́ ara rẹ̀ sábẹ́ gbogbo omi yòókù bí ẹní.

Ibi tó kan àwa gan-an la wá dé yìí. Òkè gbọọrọ kan wà lábẹ́ Òkun Àtìláńtíìkì tó la òkun náà láàárín bí ògiri, láti àríwá dé gúúsù. Omi ìdí òkun kò lè gun ògiri yẹn. Ṣùgbọ́n nítòsí ibi tí ìlà tó pín ayé sí méjì gbà kọjá, ògiri náà ní àlàfo jíjìn kan tí wọ́n ń pè ní Romanche. Ibẹ̀ ni omi yẹn ń gbà wọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ tiwa, tó sì ń tẹ́ sílẹ̀ nínú ọ̀gbun tó kọjú sí Àkúrá ní Gánà, Kòtónù àti Èkó. Ẹni tó bá lọ najú ní etíkun Èkó, tó rí omi tó gbóná díẹ̀ tó ń ru fọ́ọ́fọ́ọ́ sí i lẹ́sẹ̀, bó bá lè rìn lọ sínú òkun yẹn títí dé ìdí rẹ̀ pátápátá, lára omi tó máa bá níbẹ̀ ni èyí tó kọ́kọ́ rì ní ẹ̀bá Áńtátíkà. Mo ti ń kọ́ jọ́gíráfì bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́ kí n tó mọ èyí. Ọjọ́ tí mo mọ̀ ọ́n, mi ò lè sùn bọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ omi yìí pọ̀. Afẹ́fẹ́ tí àwọn ohun abẹ̀mí inú ọ̀gbun fi ń mí, òun ló ń gbé e lọ fún wọn. Ooru tí èéfín ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti ilé iṣẹ́ wa ń dá sáyé, ó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ tí òkun ń gbé mì fún wa, àti ìdá kan nínú mẹ́rin kábọ́ọ̀nù tí a ń tú sáfẹ́fẹ́. Òkun tó yí Áńtátíkà ká ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù yẹn. Bí omi ibẹ̀ kò bá rì mọ́ bó ṣe ń rì tẹ́lẹ̀, ta ni yóò máa gbé ẹrù náà lọ sísàlẹ̀? Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ tó ko gbogbo ohun tí ọkọ̀ ti wọ̀n nínú Òkun Weddell láti ọdún 1992 jọ kéde pé omi ìdí òkun tó tutù jù níbẹ̀ ti dín kù ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ẹ̀rọ ojú ọ̀run kò lè rí èyí. Ojú omi ni ẹ̀rọ ojú ọ̀run ń rí. Dòrò tí wọ́n ń sọ̀ sílẹ̀ lójú ibi kan náà, lọ́dún dé ọdún, òun ló sọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ nìyẹn, Ìyá, èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ò pin síbẹ̀. Yìnyín náà ṣì kù.

Ní ọjọ́ Sátidé kan mo mú ọmọ kíláàsì mi méjì dání, a lọ bá Ìyá aláìsì. Mo tọrọ abọ́ méjì lọ́wọ́ wọn. Nínú abọ́ kìíní, a jẹ́ kí áìsì máa léfòó nínú omi, a sì fi máákà fa ìlà síbi tí omi dé. Nínú abọ́ kejì, omi nìkan ló wà nínú rẹ̀, a fa ìlà tirẹ̀ náà, a wá gbé asẹ́ lé ẹnu rẹ̀, a sì gbé áìsì sórí asẹ́. A jókòó tì í. Oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ kò jẹ́ kó pẹ́. Nígbà tí gbogbo áìsì yọ́ tán, omi abọ́ kìíní wà lójú ìlà rẹ̀ gẹ́lẹ́, kò gòkè. Abọ́ kejì ti kọjá ìlà. Ìyá bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Èyí tó wà nínú omi tẹ́lẹ̀ ti gba àyè tirẹ̀ kó tó yọ́." Mi ò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀.

Yìnyín tó ń léfòó bíi A23a, bó bá yọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ gbé òkun sókè. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ Áńtátíkà lẹ̀rù wà fún. Ó fẹ̀ tó Nàìjíríà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì nípọn tó kìlómítà méjì ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí gbogbo rẹ̀ bá yọ́, òkun gbogbo ayé á ga tó mítà 58. Kò sí onímọ̀ kan tó ń sọ pé yóò ṣẹlẹ̀ lójú wa tàbí lójú ọmọ ọmọ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ti ń lọ.

Kí ló ń dì í mú? Pẹpẹ yìnyín ni. Yìnyín orí ilẹ̀ máa ń rọra ṣàn wá sí etí òkun, bó bá dé ojú omi kì í já lójú ẹsẹ̀, ńṣe ló máa ń tẹ́ pẹpẹ lọ lórí omi. Èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ Òkun Weddell, tí wọ́n ń pè ní Filchner-Ronne, fẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bí tírélà ṣe máa ń bàjẹ́ lórí òkè, tí ọmọ ọkọ̀ á sáré bọ́ sílẹ̀ fi igi wéèjì táyà. Igi kékeré yẹn kò wúwo tó tírélà, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ ná. Pẹpẹ yìnyín ni igi náà. Ní ọdún 2002, pẹpẹ kan tí wọ́n ń pè ní Larsen B, ní etí Òkun Weddell, fọ́ dànù láàárín nǹkan bí oṣù kan péré. Ó ju 3,000 kìlómítà níbùú-lóòró lọ. Àwọn yìnyín orí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ní oṣù Keje ọdún 2017, èyí tó fẹ̀ tó ìdá kan nínú márùn-ún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún já kúrò lára Larsen C. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń lọ wo abẹ́ pẹpẹ wọ̀nyí: wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá omi tó gbóná díẹ̀ ti ń yọ́ wọlé lábẹ́, tó ń jẹ igi wéèjì yẹn láti ìsàlẹ̀.

Wíwo abẹ́ rẹ̀ kò rọrùn rárá. Ní ọdún 2019, Agulhas II lọ sí ọ̀dọ̀ Larsen C, wọ́n sì fẹ́ wá ọkọ̀ kan tó rì látijọ́. Róbọ́ọ̀tì tí wọ́n rán wọ abẹ́ yìnyín kò padà wá.

Ọkọ̀ tí wọ́n ń wá náà, ìtàn tirẹ̀ gùn, mo máa gé e kúrú. Endurance ni. Ernest Shackleton àti àwọn ènìyàn rẹ̀, méjìdínlọ́gbọ̀n lápapọ̀, gbé e wọ Òkun Weddell, yìnyín há a mọ́lẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1915, ó fún un pa díẹ̀díẹ̀, ó sì rì ní oṣù Kọkànlá. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n náà tó kú. Oṣù Kẹjọ ọdún 1916 ni ọkọ̀ Yelcho ti ilẹ̀ Chile kó àwọn tó ṣẹ́ kù sí erékùṣù kan. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹta ọdún 2022, Agulhas II yìí kan náà padà lọ, róbọ́ọ̀tì wọn sì rí Endurance ní ìjìn mítà 3,008. Kòkòrò tó ń jẹ igi kò sí nínú omi yẹn. Gbogbo lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ìdí ọkọ̀, ó hàn ketekete lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínláàádọ́fà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ti rí níbẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ ni màá mú. Ẹja ni.

Oṣù Kejì ọdún 2021. Polarstern ń rọra rìn nínú Òkun Weddell, ó ń wọ́ kámẹ́rà kan tẹ̀lé ara rẹ̀ lábẹ́ omi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ní ìjìn bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mítà. Autun Purser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó lójú tẹlifíṣọ̀n nínú ọkọ̀. Wọ́n rí kòtò roboto kan, ẹja kan jókòó sínú rẹ̀, ẹyin wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún rí òmíràn. Òmíràn. Fún wákàtí, ìtẹ́ ẹja nìkan ni kámẹ́rà ń rí. Ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bàsíà ìfọṣọ, ẹyin inú rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ẹja kan ṣoṣo sì ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, ìtẹ́ náà tó ọgọ́ta mílíọ̀nù, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà 240 níbùú-lóòró. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé irú ìlú ẹja bẹ́ẹ̀ wà níbikíbi láyé.

Ẹja náà fúnra rẹ̀, àrà ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pupa. Ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ tiwa pupa, tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri inú ara, kò ní in. Omi ibẹ̀ tutù débi pé afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ funfun bí omi ti tó o gbé ara. Mo sọ èyí fún obìnrin tó ń ta òkú Èkó ní ọjà Jágùn, tí wọ́n ti la ẹja tó lé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún láyé wọn. Wọ́n dá ọ̀bẹ dúró. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí ẹja tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pupa rí, pé kí n lọ wádìí rẹ̀ dáadáa. Mo ti wádìí rẹ̀, ìyá wa, òótọ́ ni.

Láti ọdún 2016 ni àbá ti wà nílẹ̀ pé kí wọ́n ya apá ńlá nínú Òkun Weddell sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má pẹja níbẹ̀. Àfi kí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó òkun yẹn fohùn ṣọ̀kan kó tó lè di òfin, ohùn wọn ò sì ṣọ̀kan. Èyí dùn mí. Ẹja tó jókòó sórí ẹyin rẹ̀ nínú òkùnkùn kò mọ̀ pé ìpàdé ń lọ lórí òun.

Ní báyìí, ẹ lè ní Ògbómọ̀ṣọ́ wà lórí òkè, ó ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní mítà 300, omi òkun kò lè dé Tákíé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo agboolé yín. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò ní etí òkun kí a tó bí àwọn bàbá wa: Gánà títí wọ́n fi lé wa ní 1969, Lomé, Kòtónù, Àbíjáǹ, Èkó. Ilé tí àbúrò bàbá mi kọ́ ní Èkó, ẹsẹ̀ kò pọ̀ láàárín rẹ̀ àti omi. Láti ọdún 1901 dé 2018, òkun gbogbo ayé ti ga tó nǹkan bí ogún sẹ̀ǹtímítà. Ẹ na ọwọ́ yín láti àtàńpàkò dé ìka tó kéré jù, ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Ó kéré lójú, àmọ́ ìgbì ló ń gun orí rẹ̀ wá. Ní Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947, òkun ti gbé ilé, ilé ìjọsìn àti itẹ́ òkú lọ. Kì í ṣe yíyọ́ yìnyín nìkan ló fà á; ilẹ̀ ibẹ̀ ń rì, ìgbì ń jẹ etí òkun, ènìyàn náà ń da ilẹ̀ rú. Ṣùgbọ́n òkun tó ń ga kò ṣe wọ́n lóore.

Omi tó bá yọ́ ní Áńtátíkà kì í dúró sí Áńtátíkà. Yìnyín ibẹ̀ wúwo débi pé ó ń fa omi òkun mọ́ra. Bó bá dín kù, agbára tó fi ń fà á á dín kù, omi tó fà mọ́ra á tú lọ sí ibòmíràn, sí apá òkè ayé. Àwa tó jìnnà sí i la máa rí i.

Ìwádìí yìí ń bọ̀ wá gbòòrò sí i. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Antarctica InSync, láti ọdún 2027 sí 2030, tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ yóò fi ọkọ̀ wọn wọn gbogbo òkun tó yí Áńtátíkà ká lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí oníkálùkù máa lọ ní tirẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọdún àgbáyé fún ìwádìí ilẹ̀ olótùútù, ìkarùn-ún irú rẹ̀, ní 2032 sí 2033. Nàìjíríà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun ní Èkó láti ọdún 1975. Ó yẹ kí ọmọ wa wà lórí ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Omi tí wọ́n ń wọ̀n ló tẹ́ sábẹ́ òkun wa, kò sì yẹ ká máa gbọ́ ọ lórí rédíò nìkan.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méjì tó bá mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá aláìsì, ọmọbìnrin, ló béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà: "Sà, ṣé wọ́n ń gba obìnrin?" Mo sọ fún un pé ní oṣù kìíní ọdún 2025, yìnyín kan tó fẹ̀ ní kìlómítà 510 níbùú-lóòró já ní òkun Bellingshausen, tó wà lódìkejì Weddell, pé ọkọ̀ kan tó wà nítòsí yí padà lójú ẹsẹ̀, tó lọ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ tí ojú ènìyàn kò tíì kàn rí, pé wọ́n bá ẹja, ẹ̀dá omi bí òdòdó àti aláǹtakùn òkun ńláńlá níbẹ̀, pé Patricia Esquete, obìnrin onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Potogí, wà lára àwọn olórí ìwádìí náà.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní báwo ni omi ibẹ̀ ṣe tutù tó.

A ṣì ní áìsì. Ìyá fọ́ ìyókù sínú abọ́ kan, mo da omi sí i, mo ń bu iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, títí tẹmómítà tí mo mú láti ilé ẹ̀kọ́ fi dé dígírì méjì sí ìsàlẹ̀ òdo. Ibẹ̀ ni omi òkun ti ń dì. Mo ní, "Bó ṣe tutù tó nìyí." Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ìyá ń bá a kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Nígbà tí wọ́n kà dé ẹ̀rìndínlógún, ó fà á yọ, ó kó gbogbo ìka sábẹ́ abíyá, omi lé sí i lójú. Lẹ́yìn náà ó ní kí Ìyá tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ọwọ́ kejì ló kàn.